Fóòmù Tí Iná Kì Í Mú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, oorun sì ti padà sójú mi. Ó wá ku ẹ̀yin.

Fóòmù ni mo ń tà lọ́jà Anié, ní Tógò níbí. Àga ọkọ̀ àlòkù là ń tú, a ó gé fóòmù inú rẹ̀, a ó rán aṣọ bò ó, ó di ibùsùn ọmọdé. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, màá ṣáná sí i lójú rẹ̀. Iná ò ní mú un. Màá wá máa fọ́nnu pé tèmi kì í jóná. Wọ́n á sì rà á.

Èyí tó dára jù ni mo fún Afí, ìyàwó ọmọ mi, nígbà tó bí Kọ́mlá. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀, kò sì lè gbájú mọ́ nǹkan kan. Mo sọ níwájú ẹbí pé odi wà nínú ìdílé ìyá rẹ̀. Afí sunkún.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan bá àwa ìyá sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn Atakpamé. Ó ní kẹ́míkà kan wà nínú irú fóòmù bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná tètè mú un, pé eruku rẹ̀ ń wọ ara ọmọdé, ó sì lè pa ọpọlọ rẹ̀ lára. Mo yọ́ lọ gbé fóòmù náà kúrò, mo ní eku ló jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ló tì mí. Mo jẹ́ kí Afí máa ru ẹ̀bi kiri.

Kọ́mlá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fóòmù ló fà á. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo fi pamọ́. Mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi, èmi àgbà.

Afí fà mí dìde. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Èmi náà ti gbà pé láti ilé wa ni mo ti kó ohun tó ṣe Kọ́mlá wá."

A sunkún, a tún rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi fúyẹ́.

Mi ò ta fóòmù yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ilé gbogbo ẹni tó ti rà á. Báwo ni kí n ṣe rí wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ó bá wà nílé yín, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Èmi ni kí ẹ wá bá.