Bí Ẹ̀jẹ̀ Ara Mi Ṣe Dá

Ògo fún Ọba tó dá ẹ̀jẹ̀ mi dúró! Ará, ẹ bá mi yìn ín. Èmi kò tíì lágbára ariwo.

Lẹ́yìn tí oyún kan bà jẹ́ lára mi, nǹkan oṣù mi kò mọ ìgbà mọ́. Á dá lónìí, á tún dé lọ́la. Ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn mí, ibà ń mú mi, ohun tó ń jáde lára mi ń rùn. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyìí. Èkó lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Ìkẹ́rẹ́, ìta lẹ́bàá fèrèsé ni mò ń jókòó. Ẹ̀ ń kọrin, ó dà bíi pé ìlú mìíràn lẹ ti ń kọ ọ́. Nígbà tó yá, n kò sunkún mọ́. Mò ń gúnyán, mò ń fọṣọ, mo dà bí igi.

Ìyá ọkọ mi ló rí àkísà tí mo sá sẹ́yìn ilé.

“Ìyàwó, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà kò dá ni?”

Mo gba àkísà náà lọ́wọ́ wọn, mo ká a pọ̀.

“Wọ bàtà rẹ, ká jáde ní ulé yìí. Adó là ń lọ.”

Dókítà tẹ ikùn mi. Ó ní, “Madam, àrùn ti wọ ilé ọmọ yín, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ó gba abẹ́rẹ́, ẹ ó lo oògùn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ yín kò bá gba ìtọ́jú, ẹ ó tún kó o lára rẹ̀, ẹ ó tún padà wá.” Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù. Ìyá ọkọ mi wọkọ̀ lọ sí Èkó fúnra wọn. Ọkọ mi ní, “Màmá, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí.” Wọ́n ní, “Èmi kò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Ìyàwó rẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Dìde.” Ó wá, ó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, kò lè wo ojú mi. N kò bínú, n kò yọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ dá. Ibà lọ. Nǹkan oṣù mi ti ń wá lásìkò. Dókítà ní òun kò lè ṣèlérí ọmọ. Síbẹ̀ mo wá dúpẹ́. Ayọ̀ náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀: lánàá mo tọ́ ọbẹ̀ wò, mo mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Olúwa, mo dúpẹ́. Ìyá ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin obìnrin tí irú èyí ń ṣe, ẹ má fi pamọ́. Ẹ sọ fún ẹnìkan, ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ mú ọkọ yín dání. N kò ní ẹnu àdúrà nígbà náà, Ọlọ́run kò sì dúró de àdúrà mi kó tó rán ènìyàn sí mi. Bí ẹnu tiyín náà bá wúwo, ẹ ṣáà dìde.