Ibi Tí Àgbọ̀nrín Ń Gbà Kọjá

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ tí mo wọ̀ gbá abo àgbọ̀nrín kan lẹ́yìn Ẹdẹ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa àti àgbà ọdẹ kan tó ń kọjá.

“Oyún wà nínú ẹ̀,” ni ọdẹ wí.

“Ẹ má bínú, Baba. Òun ló bẹ́ sójú ọ̀nà mi.”

“Ọ̀nà rẹ kẹ̀? Ibí ni àwọn àgbọ̀nrín ń gbà lọ mumi l'Ọ́ṣun kí ìjọba tó la títì.”

Awakọ̀ wo obìnrin kan nínú ọkọ̀ wa tí apá rẹ̀ kán nígbà tí a gbá ẹran náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ fi gbogbo ibi tí wọ́n ń gbà hàn mí, kí n lè máa rọra sáré níbẹ̀.”

Ọdẹ gòkè sínú ọkọ̀.

“Ibẹ̀ ni mo ti ń pa wọ́n láti ìgbà èwe mi,” ló wí. “Mi ò fi han ọmọ bíbí inú mi rí.”