Ọmọ Mi La Irin Mọ́ Mi Lórí Nítorí Ilé Símbí

Allāhu Akbar! Ẹ̀yin ará nínú àsàlátù, ẹ jẹ́ kí páànù mọ́sálásí yìí gbọ̀n! Allāhu Akbar! Òkú mi lẹ̀ bá wá sin, ṣùgbọ́n alààyè ló dúró níwájú yín yìí. Alhamdulillah!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Múfútàù tí ń ta pátì bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà tí à ń gùn, ní àdúgbò Yassa níbí. Ẹ sì mọ Símbí, àbígbẹ̀yìn mi. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, kò lè rìn, kò lè dá wẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Agbára ń tán lára èmi náà. Bí mo bá kú, ta ni yóò bọ́ Símbí?

Mo bi Alfa wa. Wọ́n ní, "Fún un ní tirẹ̀ nígbà tí o wà láàyè, kí gbogbo ilé mọ̀."

Mo ti fún Múfútàù, àkọ́bí mi, ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wá lọ sí Bonanjo níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, sọ́dọ̀ nótéà tó ń ṣe ìwé ilé. Mo fi ilé tí àwa àti àwọn ayálégbé jọ ń gbé fún Símbí. Bàṣírá, ọmọ mi kejì, gbà láti jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀. Mo pe gbogbo wọn, mo sọ ọ́ lójúkojú.

Ojú Múfútàù pọ́n. "Ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀ yìí lẹ fún nílé?"

"Àbúrò rẹ ni."

Òwúrọ̀ Sátidé, òun àti géńdé méjì fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn mi wọlé. Ó ní kí n lọ yí ìwé náà padà. Mo kọ̀. Yé! Ọmọ tí mo bí la irin mọ́ mi lórí! Ẹ̀jẹ̀ dí mi lójú. Ó tún là á mọ́ mi lẹ́nu, eyín mi dà sílẹ̀. Àwọn géńdé tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá. Símbí wọ́ ìdí kúrò lórí ẹní, ó ki eyín bọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójúgun. Múfútàù fi ẹsẹ̀ kejì gbá a níhà, ó tún gbá a, mo gbọ́ tí egungun dún. Símbí kò tú eyín!

Màmá Ṣántàl, ayálégbé mi tí ń dín púfúpọ́ọ̀fù, sáré gbé òróró gbígbóná wọlé. "Assassins! Assassins! Apànìyàn!" Ó dà á sí wọn lára. Awọ bó. Wọ́n fò jáde, àdúgbò sì gbá wọn mú.

Dókítà ní, "Papa, irin yẹn ì bá wọlé díẹ̀ sí i, ó parí." Kò wọlé! Ìhà Símbí sì ti san. Alhamdulillah!

Ọ̀gá ọlọ́pàá bi mí, "Papa, ọmọ yín ni. Ṣé kí á fi í sílẹ̀?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ tì í mọ́lé." Mo sunkún dé ilé.

Ní kóòtù tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ ilé náà, lọ́yà Múfútàù ní orí mi ti dàrú nígbà tí mo fọwọ́ síwèé. Adájọ́ bi mí ìdí tí mo fi ṣe é. Mo ní, "Olúwa mi, àwọn yòókù lè wá oúnjẹ fúnra wọn." Adájọ́ ní Símbí ló ni ilé, Bàṣírá ni alágbàtọ́ rẹ̀. Allāhu Akbar!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ ikú. Ẹ ṣètò báyìí, kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹ ṣeun, ará. Tẹ́lẹ̀, lọ́dọọdún ni mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí Símbí ṣáájú mi kú, kí n lè fọwọ́ ara mi sin ín. N kò gba àdúrà yẹn mọ́. Alhamdulillah!