Àpótí Tó Ń Bá Ọwọ́ Mi Purọ́

Má ti ilẹ̀kùn yẹn o! Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Jókòó. Mo ní kí o jókòó! Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àbúrò tó mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ń kú lọ, tó wá ń yí agbára àpótí tó ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè, ṣé àbúrò nìyẹn? Hẹn?

Bátìrì ti kú nínú àpótí yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni! Nígbà tí o jáde lọ ra omi, èmi nìkan ni mo kù nínú yàrá ìdánrawò yìí, mo rí i pé iná rẹ̀ ò tàn mọ́, mo ní kí ló kàn mí, mo yọ ọ́ kúrò, mo so gìtá mi mọ́ sípíkà tààrà, mo ní kí n ta orin tí a máa fi ṣí eré lọ́jọ́ Sátidé. Yéè, orí mi o! Kí ni mo gbọ́ yẹn? Àtàǹpàkò ń dún, ìka tó tẹ̀lé e ń dún, ìka àárín ń dún, ṣùgbọ́n ìka òrùka mi, òun gan-an tó ń gbé orin náà, ńṣe ló dà bíi pé òwú ni mo fi ń kan okùn gìtá. Mo tún un ta. Bákan náà ni. Mo ń wò ó pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, etí mi ò sì gbọ́ nǹkan kan!

Ṣé èmi kọ́ ni mo ní kí o bá mi wá àpótí? Èmi ni, mi ò sẹ́. Mo ní ohùn gìtá mi ń fò sókè jù bí mo bá fi agbára ta á, bí mo bá sì rọra ta á, àwọn tó ń jẹun nílé ìtura ò ní gbọ́ ọ. Mo ní bá mi wá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó máa tẹ èyí tó pọ̀ sílẹ̀, tó máa gbé èyí tó kéré sókè, ṣùgbọ́n tí etí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gìtá onígi ni tèmi, mi ò fẹ́ kó máa dún bíi tẹlifóònù. O gbé àkọ́kọ́ wálé, mo ní èyí ń fún gìtá mi lọ́rùn. O gbé òmíràn wá, mo ní èyí ń mí hẹ̀lẹ̀ bí ẹni tó sáré, o bú sẹ́rìn-ín, o ní ọ̀rọ̀ mi ti le jù. O wá gbé dúdú kékeré yìí dé. Mo ta á, mo ní háà, èmi gan-an nìyí! Mo rọ̀ mọ́ ọ lọ́rùn nínú ilé ìdáná. Èmi gan-an kẹ̀! Àṣé irọ́ ni.

Má mi orí sí mi! Iná pupa tó wà lójú rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo kọ́ mi, o ní iná yẹn kì í tàn àyàfi bí àpótí bá ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn gìtá. Nígbà tí a rà á, ńṣe ló ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láìpẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé ó tún ń kú bí mo bá ń ta gìtá? Ìwọ tí gbogbo wọn ń pè ní Elétí, ìwọ tó ń gbọ́ ọ bí ẹ̀fọn bá fò kọjá níwájú makirofóònù, o gbọ́! O gbọ́, o sì ń yí i sókè, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ mi ṣe ń rọ ni ò ń yí i, èmi jókòó síwájú wọn, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún àpótí!

Kí lo wí? Pé o ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí? Ẹ̀rù ti bà mí tán! Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé bí àìsàn Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ ni? O kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n o ò kéré tó kí o má rántí. Ó ń bá ọ de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé, kò wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ihò rẹ̀ ló kéré. Bàbá lọ ra ife tó fúyẹ́ fún un. Èmi ń bá a ya irun rẹ̀, mo ń sọ fún àlejò pé ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà ní níbo lẹ ti wà látọjọ́ yìí? Níbo la wà? A wà nílé, à ń bò ó mọ́lẹ̀! Ohun tí ìwọ náà ṣe fún mi nìyẹn. Ohun kan náà gan-an! Ikú ò tilẹ̀ bà mí lẹ́rù tó kí wọ́n máa fi ṣíbí bọ́ mi. Bí ọwọ́ yìí bá lọ, kí ló kù lára mi?

Má sunkún. Ta ló ní kí o sunkún? Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn Sátidé. Ó rẹ̀ mí ni? Ìwọ náà ń sọ bẹ́ẹ̀? Ọlọ́run ń gbọ́ ọ o! Ó dáa, mú ọwọ́ rẹ wá. Mo ní mú un wá! Ọ̀tún mi yìí ni mo fẹ́ fi dì í mú, gbogbo agbára mi ni mo máa lò, kí ìwọ Elétí fẹnu ara rẹ sọ bó ṣe le tó. Ó yá, sọ ọ́. Kí lò ń wojú mi sí? Kí lo wí? Pé kí n dì í mú?

Yéè! Mo ti dì í mú o! Gbogbo agbára mi nìyí!