Orúnkún Tí Kò Tẹ̀ Lọ́jọ́ Tí Yìnyín Gbígbẹ Wọ Yàrá Ìkókó

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ṣé ẹ ò jẹun kẹ́ ẹ tó wá ni? Ẹ yìn ín bí ẹni tó moore! Àmín o.

Ẹ rántí pé láìpẹ́ yìí mo jáde síwájú, mo ní kí ẹ bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run wo orúnkún mi sàn. Ẹ gbàdúrà. Ẹ gbààwẹ̀ pàápàá. Orúnkún ọ̀hún ò sàn o! Ó ṣì le gbagidi bí ọmọ odó. Òun gan-an ni mo wá dúpẹ́ fún láàárọ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ mọ Tìmótì ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mínírà l'Óṣogbo, tó fẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ìlobùú. Ìlobùú náà ni wọ́n ń gbé. Láti ìgbà tí orúnkún yìí ti dá mi dúró, n kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá Àbẹ̀kẹ́, àna mi. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi, èmi á dúró gbọnrangandan. Ẹ sì mọ bí ìjà ilẹ̀ Ìfọ́n àti Ìlobùú ṣe rí, a kì í sọ ọ́ nílé Ọlọ́run. Àwọn ará Ìlobùú á ní, "Ẹ wo ìyá ará Ìfọ́n, ṣé àgéré ló gùn ni?" Ó dùn mí wọra.

Oyún méjì bà jẹ́ lára Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀kẹta dúró, ó bí ọkùnrin. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Tìmótì ní mínírà tútù ni àlejò máa mu níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ òun, nínú oòrùn Ìlobùú yìí.

Mo ní, "Ìwọ Tìmótì, báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Màmá, yìnyín gbígbẹ ni n ó ṣe. Kì í di omi. Ọ̀gá wa ló ń ṣe é níbi iṣẹ́, mo ti wò ó dáadáa."

Yìnyín tí kì í di omi kẹ̀! Mo wò ó, mo ní àìsùn ọmọ tuntun ti ń dà á láàmú.

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, ó gbé àgbá irin méjì dé lọ́sàn-án. Gáàsì tó ń jẹ́ kí mínírà ta ni lọ́fun ló wà nínú wọn. Yàrá Àbẹ̀kẹ́ ló gbé wọn wọ̀, kí aládùúgbò má baà máa yọjú. Ó ti fèrèsé, ó fi aṣọ dí gbogbo ihò kí òtútù má jáde. Ó dorí àgbá kodò, ó so àpò aṣọ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ṣí i. Yéè! Ó pariwo bí ọkọ̀ ojú irin! Èéfín funfun balẹ̀. Nígbà tó tú àpò, ohun kan wà níbẹ̀, ó funfun bí iyọ̀. Mo nawọ́ sí i.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ó ń jóni!"

Òtútù tó ń jóni! Orí mi wú. Ó ṣe ti àgbá kejì, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí pákó, ó jáde lọ kó mínírà wá. Àbẹ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín lórí ẹní rẹ̀ nílẹ̀, ọmọ wà lórí ẹní kékeré tirẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọyẹ́ ti dé! Oorun ń kùn mí." Mo tan fìtílà sílẹ̀ fún un, mo lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí omi ìwẹ̀ ọmọ.

Nígbà tí omi gbóná, èmi àti ìyá Àbẹ̀kẹ́ jọ wọlé. Fìtílà ti kú, bẹ́ẹ̀ epo ṣì kún inú rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́!" Kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ti sùn lọ ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ." Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ọmọ. Ará, wọn ò dìde mọ́! Wọ́n mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n dojú bolẹ̀.

Mo gbé o! Imú ń ta mí bí ìgbà tí mínírà bá gba imú jáde. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ gbé ọmọ. Orúnkún kọ̀! Mo ní, "Orúnkún burúkú, lónìí náà?" Ó kọ̀ jálẹ̀. Ni mo bá fi ọ̀pá ìtilẹ̀ mi tẹ ẹní kékeré yẹn mọ́lẹ̀, mo ń wọ́ ọ bọ̀, mo ń pe Jésù, títí ọmọ fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá Sùlè aládùúgbò ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Ó ju bútà sílẹ̀, ó sáré dé. "Súbúhánálláhì!" Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó wọ́ àwọn obìnrin méjèèjì lẹ́sẹ̀ jáde. Atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ṣùgbọ́n ọmọ ò mí! Ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo gbá a lẹ́yìn, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Mo ké, "Olúwa, n kò tọrọ orúnkún mọ́! Ọmọ yìí ni kí o fún mi!"

Ó sín! Ó figbe ta! Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ tún bá mi dúpẹ́!

Ẹ má tíì jókòó. Èrò ti pé. Mo gbọ́ ọ létí ara mi: "Gbogbo wọn ṣubú, ìyá Ìfọ́n nìkan ló dúró? Ẹ bi í kó ṣàlàyé!" Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kàn ń wò mí.

Tìmótì dé, a wọ lọ́rì, ó di ilé ìwòsàn l'Óṣogbo. Dókítà yẹ ọmọ wò, ó ní nǹkan kan ò ṣe é. Ó wá yíjú sí Tìmótì. "Inú yàrá tí a tì pa lo ti ṣe é? Gáàsì yẹn wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹni tó dùbúlẹ̀, tàbí tó kúnlẹ̀, ó ti rì sínú rẹ̀ nìyẹn." Ó kọjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin náà wọlé. Báwo lẹ ò ṣe ṣubú?"

Kí n tó la ẹnu, ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti dáhùn. "Orúnkún wọn ni, dókítà. Kì í tẹ̀." Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n gbá mi mọ́ra.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mínírà gbígbóná la mu, ó dùn ju oyin lọ! Bí mo ṣe wọlé, àna mi ké lójú gbogbo Ìlobùú: "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, àna mi! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ retí kí wọ́n kúnlẹ̀ mọ́." Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ lóòró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi Tìmótì, ìta gbangba ni kó lọ o! Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sunkún pé Ọlọ́run ò dáhùn, ẹ má tíì bínú sí i. Èmi náà bínú. Ká ní ó dáhùn lọ́jọ́ tí mo fẹ́, ǹ bá ti kúnlẹ̀, ọmọ ìbá sì ti lọ.

Àna mi ló jókòó lẹ́yìn yẹn, wọ́n ti Ìlobùú wá. Ẹ gbé ọmọ wá síwájú, àna mi, kí wọ́n rí i. Ẹ ṣé, ará, ẹ má gbé àga wá fún mi. N ó dúró dúpẹ́.