Géèmù Tí Ọwọ́ Bàbá Mọ̀

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Simawa lọ sí Ṣàgámù ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jókòó níwájú mi.

“Ṣé géèmù yẹn ti wá ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Bàbá?”

“Ó ń ṣiṣẹ́, Àǹtí. Oríṣiríṣi géèmù ló wà nínú áàpù tí mo kọ́kọ́ gbé sí i, ó sì wúwo jù fún fóònù àtijọ́. Mo tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, mo yọ ìyókù kúrò, mo fi ẹyọ kan sílẹ̀.”

“Èwo?”

“Ti bọ́ọ̀lù tí Bàbá máa ń bá wa gbá nígbà tí a wà ní kékeré. Èyí tí ọwọ́ wọn mọ̀. Wọ́n gbá góòlù kan wọlé lánàá.”

“Ọwọ́ wo ni wọ́n fi gbá a?”

“Ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú.”

Obìnrin náà yíjú sí fèrèsé. “Wọn ò tíì lè fi ọwọ́ yẹn di ṣíbí mú.”