Orúkọ Mọ́kànlá Inú Bọ́ọ̀sì

[Myat Noe, ní Myawaddy, pe àbúrò rẹ̀ Thant Sin ní Mae Sot ní Thailand, ní òdìkejì odò tó jẹ́ ààlà. Aago mẹ́rin ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú.]

MYAT NOE: Sin? Sin, ṣé ìwọ nìyẹn?

THANT SIN: Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàsán. Ilé ńkọ́? Su ńkọ́?

MYAT NOE: Su wà. Ó ti jẹun. Ṣé o gbọ́ mi?

THANT SIN: Ó ń já díẹ̀díẹ̀. Níbo lẹ wà?

MYAT NOE: Ẹ̀yìnkùlé, nídìí okùn aṣọ. Ibẹ̀ nìkan ni síìmù Thailand ti ń gbé. Tiwa ti kú látọjọ́ Ajé. Mò ń ṣe bí ẹni tó ń sá aṣọ.

THANT SIN: Ṣé ẹ rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín rà?

MYAT NOE: Fi oògùn sílẹ̀. Ohun tí Ye Lwin kọ yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

THANT SIN: Èwo nínú ẹ̀?

MYAT NOE: Èwo ni ọkọ mi tún kọ? Orúkọ mọ́kànlá tó dà kọ látinú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Àwọn èrò tí ológun kó nínú bọ́ọ̀sì tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

THANT SIN: Ó wà. Kí ló dé?

MYAT NOE: Pa á rẹ́.

[Ariwo alùpùpù.]

THANT SIN: Ẹ ní kí ni?

MYAT NOE: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní pa á rẹ́. Dìlíìtì. Ọ̀gá ológun kan wá sílé lánàá. Ó jókòó, ó mu tíì, ó bi Su léèrè kíláàsì tó wà. Ó wá ní tí orúkọ yẹn bá kúrò, Ye Lwin á wálé. Ọ̀gá yẹn ń padà bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò ní aago mẹ́rin.

THANT SIN: Mẹ́rin òní?

MYAT NOE: Òní. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tó ti wà lọ́dọ̀ wọn, Sin.

THANT SIN: Ẹ̀gbọ́n mi… mi ò lè pa á rẹ́.

MYAT NOE: O ò lè, àbí o ò fẹ́?

THANT SIN: Mi ò lè. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wà. Ẹ̀rọ tèmi tó ń gbé ohun tí a bá kọ síta kàn dà bí ilé kan ni. Òmíràn wà ní Chiang Mai, òmíràn wà ní Penang, àwọn kan wà tí mi ò mọ ẹni tó ni wọ́n. Bí bọ̀ọ̀dá Ye Lwin ṣe fi í ránṣẹ́ báyìí, kálukú wọn mú ẹ̀dà tiẹ̀—

MYAT NOE: Ta ni ọ̀gá wọn?

THANT SIN: Wọn ò ní ọ̀gá.

MYAT NOE: Ta wá ni kí n bẹ̀? Ṣé o gbọ́ mi?

THANT SIN: Mo gbọ́.

MYAT NOE: Ojú ìwé wa ti tẹ́lẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan péré ló fẹjọ́ wa sùn, wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín wákàtí kan. Inú bí ọ débi pé o ò jẹun. O wá kọ́ ọkọ mi ní tuntun yìí lórí tábìlì mi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kò sẹ́ni tó lè pa wá lẹ́nu mọ́ mọ́. Èmi ni mo bu ọbẹ̀ mohinga fún yín.

THANT SIN: Mo rántí.

MYAT NOE: Mi ò bú ọ o. Ó ti rẹ̀ mí ni.

THANT SIN: Ọ̀nà kan wà. Kọ́kọ́rọ́ bọ̀ọ̀dá, àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń fi hàn pé òun ló kọ nǹkan, tó kọ sínú ìwé pélébé yẹn, ó wà lọ́wọ́ yín. Tí mo bá fi í buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀, tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á yọ ọ́. Bóyá gbogbo wọn. Àmọ́ orúkọ yẹn lè má padà wá mọ́—

MYAT NOE: Daw Hnin Kyi wá síbí láàárọ̀.

THANT SIN: Ìyá ọmọ tó ń ránṣọ yẹn?

MYAT NOE: Òun ni. Orúkọ ọmọ ẹ̀ wà nínú mọ́kànlá yẹn. Wọ́n sọ fún un ní àgọ́ ológun pé àwọn ò mú obìnrin kankan nínú bọ́ọ̀sì. Ohun tí Ye Lwin kọ yẹn nìkan ló lè nawọ́ sí. Kò bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Ó kàn jókòó, ó bá mi ṣa ẹ̀wà tán, ó lọ.

THANT SIN: Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?

MYAT NOE: Mi ò mọ̀. Ibo ni ọ̀gá ológun yẹn ti ń kà á?

THANT SIN: Ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo ìlú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n mọ̀.

MYAT NOE: Tí o bá yọ ọ́ lọ́dọ̀ tìẹ nìkan ńkọ́?

THANT SIN: Kò ní rí nǹkan kan. Á ṣì wà ní Penang.

MYAT NOE: Ṣé àwọn yẹn lè dákẹ́ títí Ye Lwin á fi jáde?

THANT SIN: Mo lè bẹ̀ wọ́n. Mi ò lè pàṣẹ fún wọn. Tí ẹnì kan bá lọ pín in lálẹ́ òní—

MYAT NOE: Mo mọ̀.

THANT SIN: Àwọn ará wa á rí i pé èmi ni mo yọ ọ́. Wọ́n á ní mo ti tà wọ́n. Mi ò sì ní lè là á yé Daw Hnin Kyi.

MYAT NOE: Mo mọ ìyẹn náà. Yọ ọ́, Sin.

[Ìró títẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ó pẹ́ díẹ̀.]

THANT SIN: Mo ti yọ ọ́. Mò ń kọ̀wé sí àwọn ilé yòókù báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

MYAT NOE: Ọkọ̀ kan ti dúró níwájú ilé. Má pa fóònù. Mò ń fi ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

[Ìró aṣọ. Ìró bàtà.]

OHÙN ỌKÙNRIN: Màdáámú, ẹ kú iṣẹ́. Mo tètè dé díẹ̀.

MYAT NOE: Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ẹ wo fóònù yín.

[Ajá kan ń gbó.]

OHÙN ỌKÙNRIN: Kò sí níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ẹ wá mú ọkọ yín ní géètì àgọ́ lọ́la, aago mẹ́sàn-án. Ẹ bá a mú bàtà dání.

MYAT NOE: Ẹ ṣé, ọ̀gá.

OHÙN ỌKÙNRIN: Ibòmíràn ńkọ́? Ṣé ibì kan ṣoṣo yẹn ló wà?

[Atẹ́gùn.]

MYAT NOE: Ibì kan ṣoṣo yẹn ni, ọ̀gá.

[Ìpè já.]